14 mm tó lé: bí a ṣe wọn prẹ́ṣọ̀ ooru ọtí n'Íjẹ̀bú-Òde, tí èsì tó jọ òótọ́ fẹ́ tàn wá jẹ

Lọ́jọ́ Tuesday kan báyìí lọmọ náà kó ìwé ẹ̀ wá bá mi, ẹ̀rín kún ẹnu ẹ̀, ó ní "Màmá, ó ti bọ́ sí i o! 39 ló jáde fún wa, 38.6 nìwé sọ, ẹ wò ó." Mo wò ó. Iye iná (ní kJ) tí ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tá à ń wọ̀n, ń gbà kó tó di ooru ló ń sọ. Inú tèmi náà kọ́kọ́ dùn, torí ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tá a ti wà lẹ́nu ọtí yìí, a ti sè é, a ti tún un sè, a ti pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n ti mú iná lọ mọ́ wa lọ́wọ́ bí ẹ̀ẹ̀mélòó kan. Àmọ́ bí mo ṣe wo òkè tábìlì tó fi bírò kọ, ìlà àkọ́kọ́ gan-an ló dá mi dúró: ní 30 dìgírì, prẹ́ṣọ̀ ooru ọtí jẹ́ 92 mm mákúrì. Mo ní "Jókòó ná." Ẹ̀tánọ́ọ̀lù tó bá mọ́ gaara, nǹkan bí 78 ló yẹ kó fún èèyàn ní 30 dìgírì, kò gbọdọ̀ dé 80. Ibo wá ni 14 tó lé yẹn ti wá?

Ọ̀rọ̀ 14 yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ míì ṣì máa gba ojú ọ̀nà yìí kọjá, èsì tó jọ tinú ìwé sì lè mú kí èèyàn ti ìwé ẹ̀ pa kó máa lọ sílé.

Iṣẹ́ technologist ni mò ń ṣe ní láàbù kẹ́mísìrì nílé-ìwé kan n'Íjẹ̀bú níbí. Ọmọ Rẹ́mọ ni ọmọ yìí, Ṣàgámù ni wọ́n ti bí i, Másítà ló ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ tí ọ̀gá ẹ̀ gbé fún un ni kó wọn vapour pressure ọtí mẹ́rin, ìyẹn methanol, ẹ̀tánọ́ọ̀lù, propanol àti butanol, kó sì ti ibẹ̀ ṣírò iye iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà kó tó di ooru. Mẹ́ta tó kù, Ọ̀jọ́tá l'Ékòó ló ti lọ rà wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tánọ́ọ̀lù òun ò ní ti Ọ̀jọ́tá wá, òun máa fi ògógóró ṣe é, èyí tí wọ́n ń pọn látara ògùrọ̀ lápá Waterside, òun máa sè é títí tó fi máa mọ́ débi tí wọ́n á lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òyìnbó. Àwọn kan ní àsọdùn ni. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mo sì sọ fún un pé màá dúró tì í.

Fún ẹni tí ò bá mọ ohun tá à ń wọ̀n: ẹ mú ìgò lọ́fínńdà tó kù ìdajì, ẹ dé e pa. Ọtí inú ẹ̀ á máa fò lọ sínú àyè tó ṣófo lókè, èyí tó ti fò lọ náà á máa já bọ̀ padà, tó bá yá iye tó ń lọ àti iye tó ń bọ̀ á dọ́gba. Bí ooru yẹn ṣe ń ti ara ìgò lásìkò yẹn, ìyẹn ni vapour pressure. Kò ní í ṣe pẹ̀lú bí ọtí ṣe pọ̀ tó nínú ìgò, irú ọtí tó jẹ́ àti bó ṣe gbóná tó nìkan ló ń pinnu ẹ̀. Ní 25 dìgírì, methanol ń tì tó nǹkan bí 127 mm mákúrì, ẹ̀tánọ́ọ̀lù 59, omi ò ju 24 lọ. Tá a bá wá ń gbé ìgbóná lọ sókè, ọjọ́ tí ooru ọtí bá lágbára tó afẹ́fẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọjọ́ yẹn ló máa hó. Ìdí nìyẹn tí methanol fi ń hó ní 64.7, ẹ̀tánọ́ọ̀lù ní 78.4, propanol ní 97.2, butanol ní nǹkan bí 117.7.

Ìyá kan lẹ́tí omi ló fún un lọ́tí náà, kẹ́ẹ̀gì kan gbáko, kò gba owó, ó ní ṣebí ìwé lọmọ ń kà. Nígbà tá a wọ̀n ọ́n, omi ló ju ìdajì lọ nínú ẹ̀. A wá gbé e kaná nínú fíláásìkì, a to ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì sínú ọ̀pá gíga tó wà lórí ẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọjà Òkè-Àjẹ ni o, èyí tí ò ní àwọ̀ rárá, a se é nínú ásíìdì, a ṣan án títí. Ooru ọtí á máa gun ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, á di omi, á tún di ooru, ó dà bí ìgbà téèyàn ń sè é léraléra nínú ọ̀pá kan ṣoṣo. Èyí tó kọ́kọ́ kán la dà nù, ìgbà tí tẹmómítà wá dúró gbagidi ní nǹkan bí 78.2 la bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń sè ọtí máa ń há sí. Téèyàn bá sè é nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní kọjá 95.6 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìwọ̀n, torí ẹ̀tánọ́ọ̀lù àti omi díẹ̀ yẹn ń hó pa pọ̀ ní 78.2, tó lọ sílẹ̀ díẹ̀ ju ti ẹ̀tánọ́ọ̀lù nìkan lọ, wọ́n á jọ gòkè, wọ́n á jọ kán. Nǹkan míì ló gbọ́dọ̀ fa omi yẹn jáde. Láìmù tí wọ́n ti sun la lò, ti òkúta o, kì í ṣe ti èso, èyí tí omi ò tíì kàn, a sè é pọ̀ mọ́ ọtí fún wákàtí mẹ́fà lórí jẹnẹrétọ̀, a sè ọtí náà kúrò lórí ẹ̀, a wá dà á lé molecular sieve 3A. Hóró kéékèèké ni nǹkan yìí, ihò ara ẹ̀ kéré débi pé omi lè wọlé, ẹ̀tánọ́ọ̀lù ò lè wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan án nínú fọ́ọ́nẹ́ẹ̀sì ní 300 dìgírì, torí afẹ́fẹ́ Ìjẹ̀bú lásìkò òjò, bí nǹkan ṣe wà nílẹ̀ yẹn ló ti ń mu omi. A fi sípẹ́sífíkì gírábítì bọ́tùlù, ìgò kékeré tí wọ́n fi ń mọ bí ohun olómi ṣe wúwo tó, wọn ọtí náà ní 25 dìgírì, 0.785 ló jáde. Tó bá jẹ́ 95.6 yẹn ló ṣì wà ni, ì bá jẹ́ nǹkan bí 0.798. Ẹ fi 0.785 yẹn sọ́kàn, ó ṣì ń bọ̀ wá gbà wá.

Ohun èlò tá a lò ni isoteniscope, èyí tí Smith àti Menzies gbé jáde ní 1910, tí ẹni tó ń fẹ́ gíláàsì sì lè ṣe fún yín tẹ́ ẹ bá ya àwòrán ẹ̀ fún un. Gíláàsì róbótó kékeré kan ni, ọ̀pá kékeré tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U wà lára ẹ̀. Ọtí á wà nínú róbótó yẹn, ọtí díẹ̀ náà á wà nínú U, ẹ máa rì í bọ inú omi gbígbóná, ẹ̀gbẹ́ kejì ẹ̀ á lọ bá ìgò ńlá kan, mánómítà mákúrì tá a fi ń ka prẹ́ṣọ̀, àti pọ́ńpù tó ń fa afẹ́fẹ́. Bí ọtí inú U bá dọ́gba lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó túmọ̀ sí pé bí ooru inú róbótó ṣe ń tì náà ni afẹ́fẹ́ tó kù níta ń tì. Ẹ máa lọ ka mánómítà, ó parí. Mo fẹ́ràn ohun èlò yìí ju gbogbo mítà oníbátìrì lọ, torí ojú lèèyàn fi ń rí i.

Pọ́ńpù láàbù wa ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún AC ṣe nítòsí ló yá wa ní tiẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù AC kí wọ́n tó rọ gáàsì sí i. Ó ní "Ẹ má jẹ́ kí ọtí wọnú ọ́ìlì mi o, Ìyá wa," mo ní a ò ní jẹ́ kó wọ̀ ọ́, yìnyín àti iyọ̀ la kó yí gíláàsì kan ká lójú ọ̀nà pọ́ńpù, ibẹ̀ ni ooru ọtí ń di sí kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ohun tí ọmọ náà kà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ní 30 dìgírì 92, ní 40 dìgírì 148, ní 50 dìgírì 236, ní 60 dìgírì 366, ní 70 dìgírì 558. Ó ya gíráàfù ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó wá mú ln (logarithm) gbogbo prẹ́ṣọ̀ yẹn, ó fi ìgbóná Kelvin (dìgírì wa tá a fi 273 kún) pín ọ̀kan, ó sì gbé èkíní gun èkejì. Ìlà yẹn nà tọ́ọ́rọ́. Bó ṣe dagun tó, tẹ́ ẹ bá fi 8.314 sọ ọ́ di púpọ̀, iye iná tí mole kan ń gbà láti di ooru ló ń fún yín. 39.0 kJ ló jáde. Ìwé sọ 38.6. Ta ni inú ẹ̀ ò ní dùn?

Nígbà tí mo fi 92 hàn án, ojú ẹ̀ wálẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni methanol. Mi ò bá a wí, torí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ògógóró níbí tí ò rántí ikú tó ṣẹlẹ̀ l'Óde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015, methanol ló wà nídìí ẹ̀. Ó ní kí a da gbogbo ẹ̀ nù, kí a tún bẹ̀rẹ̀ látorí kẹ́ẹ̀gì. Mo ní rárá, ìyẹn ọ̀sẹ̀ méjì míì, jẹ́ ká kọ́kọ́ bi nọ́ńbà wọ̀nyí léèrè ọ̀rọ̀.

Mo ní kó mú iye tó fi lé nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù tó mọ́, nǹkan bí 78, 134, 221, 351, 542 ló yẹ kó jẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú tiẹ̀: 14, 14, 15, 15, 16.

Mo ní "Ó dáa, ká ní methanol ni." Ní 30 dìgírì methanol fúnra ẹ̀ ń tì tó nǹkan bí 164. Kí ó tó fi 14 kún ti ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé nínú mólékù ọgọ́rùn-ún, mẹ́rìndínlógún ni methanol. Ó dáa, ẹ gbé mẹ́rìndínlógún yẹn lọ sí 70 dìgírì. Níbẹ̀ methanol ti lé ní 900, ohun tó máa fi lé ti ẹ̀tánọ́ọ̀lù á ju 60 lọ. Mélòó la rí? 16. Methanol ò lè sùn láàárín 30 sí 70 kó má dàgbà. Kì í ṣe òun.

Ó tún ní bóyá omi ni. Omi kẹ̀? Ọ̀rọ̀ omi yìí ya èèyàn lẹ́nu, torí prẹ́ṣọ̀ ò dáa rárá láti fi mú omi nínú ẹ̀tánọ́ọ̀lù. Láàárín ọtí 95.6 sí ọtí tí ò lómi rárá, ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ wọn ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ń fi prẹ́ṣọ̀ wá omi, kò ní rí i, ìwọ̀n ló máa sọ fún un, ìwọ̀n wa sì ti sọ 0.785. Ọtí yẹn mọ́. Ọtí yẹn ò ṣẹ̀ wá.

A ò tíì jẹun látàárọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ láàbù gbé ìkọ́kọrẹ́ dé, bá a ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni mo tún ń wo 14, 14, 15, 15, 16 yẹn. Láti 30 dé 70, ẹ̀tánọ́ọ̀lù di ìlọ́po méje, àlékún yìí ò kúrò lójú kan. Ohun tó bá jẹ́ ọtí, irú ọtí yòówù kó jẹ́, kò lè ṣe báyẹn. Mo wá bi í pé "Mánómítà yẹn, kí lo yọ nǹkan tó o kà kúrò nínú ẹ̀?" Ó ní "760, Ma."

Háà. 760 tinú ìwé! Apá kan mánómítà wa ṣí sí afẹ́fẹ́ yàrá, nítorí náà afẹ́fẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ yẹn, lásìkò yẹn, lèèyàn gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, 760 ti etí òkun ni. Ìjẹ̀bú-Òde ò sí létí òkun, ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, béèyàn bá sì ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́. Èmi gan-an ló yẹ kí n ti bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí mo mọ̀ pé báróómítà ara ògiri wa, tá a fi ń wọn prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́, ti há. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní fóònù tó ní sẹ́ńsọ̀ prẹ́ṣọ̀, ó ṣí i, 1004 hPa ló sọ. Ẹ sọ ọ́ di mm, 753 ni. A gbé fóònù yẹn lọ fi wé báróómítà àwọn tó ń ṣe físíìsì, wọ́n bára mu. 7 ti lọ nìyẹn nínú gbogbo ìlà, láìfọwọ́ kan ọtí.

Ó ku 7, 7, 8, 8, 9. Èyí ń dàgbà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, bí afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́ inú nǹkan ṣe ń dàgbà béèyàn bá ń sè é, láti 303 Kelvin sí 343, ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún péré. Mo bi í bó ṣe lé afẹ́fẹ́ jáde nínú róbótó. Ó ní òun jẹ́ kó hó díẹ̀. Díẹ̀ báwo? Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó ní òun ń bẹ̀rù kí ọtí má tán, kí wọ́n má sì mú iná lọ.

Ẹ̀rù yẹn yé mi, béèyàn bá ronú iye wákàtí tá a fi sè ọtí yẹn, kò ní fẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Àmọ́ afẹ́fẹ́ máa ń yọ́ sínú ẹ̀tánọ́ọ̀lù ju bó ṣe ń yọ́ sínú omi lọ, tẹ́ ẹ bá sì gbé e sínú róbótó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó yọ́ sínú ẹ̀ àtèyí tó wà lókè ẹ̀ á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa bá ooru ọtí tì í. Ó gbọ́dọ̀ ṣòfò díẹ̀ kó tó mọ́.

Lọ́jọ́ Thursday a tún un ṣe. Àfi kẹ́ ẹ wà níbẹ̀. A fi omi sí 30, a ń fa afẹ́fẹ́ ìta sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kó dọ́gba, ọtí inú róbótó bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ó ń gba inú U kọjá, gbúlù, gbúlù, gbúlù, ó kọ́kọ́ ń kánjú, ó wá ń rọra, ìfófòó kan á jáde, á dúró, òmíì á tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. A ti táàpù, a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé díẹ̀ títí U fi dọ́gba, kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù o, tó bá fa afẹ́fẹ́ wọnú róbótó padà, ẹ ti padà sídìí àárọ̀ nìyẹn. A kà á: 80. A tún jẹ́ kó rú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, 78.5. A tún un ṣe, 78.5. Méjì ti jọra, ìgbà yẹn la tó máa lọ. Tẹmómítà náà, a ti kọ́kọ́ kì í bọ yìnyín láti rí i pé òdo ló ń sọ, torí ní 70 dìgírì, dìgírì kan péré ju 22 mm lọ, béèyàn bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dìgírì ṣìṣe, mm méjì ti yà sọ́tọ̀ nìyẹn, ní 30 kò le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú iná lọ nígbà tá a wà ní 60, a dúró, jẹnẹrétọ̀ gbé e, omi padà sí 60, a tún kà á, kò yẹsẹ̀.

78.5, 134, 221, 351.5, 542. Ọmọ náà fi kọ̀ǹpútà fa ìlà ẹ̀, 41.8 kJ ló jáde. Ó wá wojú mi, ó ní "Màmá, ó ti wá jìnnà sí tinú ìwé báyìí." 

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ọmọ tó bá ń ka èyí dúró sí. 38.6 tinú ìwé, ti ojú híhó ni, ní 78.4 dìgírì. Ìwé kan náà, tẹ́ ẹ bá ṣí ojú ewé síwájú, sọ pé ní 25 dìgírì 42.3 ni. Bí ọtí bá ṣe ń gbóná ni àwọn mólékù ẹ̀ ti ń jára wọn sílẹ̀ fúnra wọn, iná tí wọ́n tún nílò láti fò á máa dín kù. Àwa wọ̀n láti 30 sí 70, àárín ẹ̀ jẹ́ 50, nítorí náà ohun tó bá lé díẹ̀ ní 40 ló yẹ ká retí, ìdí tí tiwa sì fi ga díẹ̀ jùyẹn lọ ni pé ìṣirò yẹn gbà pé ooru ọtí ò bára wọn ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ àwọn mólékù ẹ̀tánọ́ọ̀lù ń dira wọn mú kódà lójú afẹ́fẹ́. Èsì àkọ́kọ́ wá jọ 38.6 nítorí pé 14 lórí 78 pọ̀ gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún, 16 lórí 542 ò sì ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìsàlẹ̀ ìlà yẹn gbéra, òkè ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò, ìlà bá rọlẹ̀, ó rọlẹ̀ débi tó fi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó jẹ́ ti ibòmíì. Ìlà ọ̀hún sì nà tọ́ọ́rọ́ láìyẹ̀! Kò sí ohun tí gíráàfù yẹn fi hàn pé àìsàn wà lára ẹ̀. 92 nìkan ló fi hàn.

Ó tún ṣírò ohun kan tí inú mi dùn sí. Ó mú 38.6 ti ojú híhó, ó fi 351.5 Kelvin pín in, nǹkan bí 110 joule ló jáde. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Trouton ti sọ láti 1884 pé ọ̀pọ̀ ohun olómi máa ń sún mọ́ iye kan náà níbẹ̀, benzene fún àpẹẹrẹ jẹ́ 87. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù fi ju 20 lọ lé e, torí hydrogen bond tí wọ́n fi dira wọn mú nínú ìgò, tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtúká wọn pọ̀ ju ti àwọn tí ò dira wọn mú. Ó ní òun ti ń ka èyí láti ìgbà tí òun wà ní 200 level, òní lòun tó rí i.

A dá pọ́ńpù ẹ̀gbọ́n AC padà lọ́jọ́ Friday, ọ́ìlì ẹ̀ mọ́. Báróómítà tuntun ti wà lára ògiri, ìwé láàbù wa sì ti ní ojú ìlà fún afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà báyìí, ẹni tí ò bá kọ ọ́ sí i, mi ò ní buwọ́ lù ú.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ọmọ náà pe ìyá tó fún un lọ́tí lórí fóònù, ó gbé e sí sípíkà kí n lè kí i. Mo kí i, mo dúpẹ́. Ìyá ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ọtí tèmi wá dáa?" Ọmọ náà fẹ́ sọ pé ó dáa gan-an, mo sẹ́wọ́ sí i pé kó dúró. Mo ní "Ìyá, èyí tí a sè tí a tún sè, tí a fa omi ara ẹ̀ jáde, òun la wọ̀n, òun ló dáa. Èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì lọ́dọ̀ yín, a ò wọ̀n ọ́n." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "Ẹ wá mú díẹ̀ kẹ́ ẹ wọn ìyẹn náà fún mi." Ọmọ náà ti ń wá ìgò.